Kérésìmesì Tí Tanímọ̀la Sá Lọ

Aṣọ tuntun tó bá ti Kantin Kwari, ọjà aṣọ ìlú Kánò, bọ̀ ní òórùn kan tí n kò tíì bá pàdé níbòmíràn: òórùn sítáàṣì, ti páálí, àti ti eruku ọyẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ lára kó tó dé ọwọ́ wa. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òórùn yẹn ló máa ń jí mi. Ìyá mi a ti tẹ́ aṣọ wa sórí àga láti alẹ́, èmi a sì máa na imú sí i láti orí ẹní. Òtútù á mú gan-an. Ẹni tó bá gbé Sábóńgàrí rí láyé ìgbà yẹn yóò rántí ọyẹ́ oṣù Kejìlá: ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, omi inú kòròbà á tutù bíi pé inú fíríìjì ló ti wá, eruku á sì bo ojú oòrùn títí ọjọ́ yóò fi gòkè. Òrí ni wọ́n fi ń pa wá lára títí a ó fi máa dán bí àwo.

Àwo náà ni bàbá mi ń tà, àwo tánńganran, ní ọjà Sábóńgàrí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni; bàbá tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ rélùwéè dé Kánò. Ní ilé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń sọ Yorùbá. Bí a bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, Haúsá ni, tàbí Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́. Bàbá mi a bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èmi a fi Haúsá dáhùn, òun a ní, “Ṣé Haúsá ni mo fi bí ọ ni?” Ìyá mi a rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

A ní ajá kan ní àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn. Ó pupa, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wó. Ọlọ́dẹ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, bí àwọn àgbà ilé wa ti máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. N kò mọ aládùúgbò tó ń bá wí títí dòní. Àwa ọmọ gé e kù sí Táni. Èmi ni àkọ́bí, n kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀dọ̀ mi ni ajá náà sì ń sùn bí òtútù bá mú, bí ìyá mi tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ràn Táni rárá. Bàbá Àáfà là ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí Sábóńgàrí ti ń parí tí àdúgbò Fagge ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn Haúsá sì ń pè é ní Málàm Télà. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Bó bá fẹ́ wọ ilé wa, ìyá mi ní láti kọ́kọ́ lọ so ajá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dúró lẹ́nu géètì, yóò ká ẹ̀wù sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá, yóò sì ké pé, “Ìyá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọmọ yín yẹn mú o! Mo ní àlùwàlá lára.”

Bẹ́ẹ̀, kò sí Kérésìmesì wa tí kò sí níbẹ̀. Òun ló ń rán aṣọ wa, tèmi àti tàwọn àbúrò mi, láti ara ìgàn kan ṣoṣo. Òun náà ló ń pa ẹran wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Oúnjẹ Kérésìmesì kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ìdajì abọ́ ló ń gba ìta lọ sọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí àdúgbò, àwọn tó ti gbé ẹran Iléyá fún àwa náà. Bí kì í bá ṣe Mùsùlùmí ló pa ẹran ọ̀hún, wọn kò ní lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, bàbá mi kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ lọ́jọ́ náà. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan: “Bàbá Délé, àbí ọ̀bẹ ń bà yín lẹ́rù ni?” Bàbá mi ní, “Ẹnu tó máa jẹ ẹ́ pọ̀ ju ẹnu mi lọ.”

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, aṣọ aláró tó ní ewé ìyeyè lára ni ìyá mi rà fún wa. Nígbà tí mo lọ gba aṣọ náà, mo ṣa ìrépé rẹ̀ kan nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Àáfà ní kí n máa mú un lọ. Mo so ó mọ́ Táni lọ́rùn. Mo rò pé kò dára kí gbogbo ọmọ ilé wọ aṣọ ọdún kí ẹnìkan má wọ̀ ọ́.

A kò tíì wọ aṣọ tán ní ìdájí ọjọ́ náà nígbà tí ẹnìkan yin bánga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wa. Ìyá mi ti so Táni mọ́lẹ̀ nítorí Bàbá Àáfà tó ń bọ̀ wá pa òbúkọ. Mo gbọ́ ìró bánga, mo gbọ́ igbe ajá, kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, okùn ti já. Ó gba abẹ́ géètì jáde. Mo sáré títí dé ìkòríta, eruku nìkan ni mo rí. Mo padà wọlé, mo ń mí gúlegúle, mo ní, “Baba, kare ya gudu!” Bàbá mi gbọ́ pé ajá ti sá lọ, kò sì bá mi jà nítorí Haúsá. Ó ní òwe kan tó máa ń fi bá mi wí bí n kò bá gbọ́ràn: “Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” Ó ya ẹnu láti pa á, ó wo ojú mi, ó sì pa ẹnu dé.

Ó mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ilé ọtí burúkútù kan wà lẹ́yìn ojú irin, tí wọ́n ti ń se ẹran kan tí àwọn ọlọ́tí ń pè ní 404. Ẹran ajá ni. N kò fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń pọ́n ìka lá. Ṣùgbọ́n ajá ẹni yàtọ̀. Ní Kérésìmesì tó ṣáájú, ajá ìdílé kan ní òpópónà wa jáde lọ láàárọ̀ ọdún, a kò rí i mọ́.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì ń lù, Bàbá Àáfà kò dé. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi dúró títí ó fi kù díẹ̀ kí ìsìn bẹ̀rẹ̀, ó wo òbúkọ, òbúkọ náà wò ó, a sì lọ. N kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà, kò sì kan ọmọ tí wọ́n bí sí ibùjẹ ẹran.

Nígbà tí a dé, òbúkọ ṣì ń ké lórí ìso. Àwọn àlejò ti ń wọlé, ṣínṣín àti omi ọsàn ni ìyá mi ń gbé fún wọn. Ìrẹsì ti jinná, kò sí ẹran. Ní ọdún náà, àwọn oníwàásù kan ń sọ kiri ìlú pé Mùsùlùmí tó bá bá onígbàgbọ́ ṣọdún ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá mi sọ ọ́ fún ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pé, “Bóyá ó ti gba ọ̀rọ̀ wọn.”

“Bàbá Àáfà? Ẹni tó ti ń jẹun nílé yìí kí Délé tó hu eyín?”

“Ọkàn ènìyàn kì í ṣe fèrèsé.”

“Ẹ rán ọmọ sí wọn, kí ẹ yé sọ ti fèrèsé.”

“N kò ní fi tipá mú ẹnikẹ́ni bá mi ṣọdún.”

Ó sì lọ jókòó síta, ó kọjú sí ojú ọ̀nà. Oòrùn yí díẹ̀ kó tó di pé ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé. “Délé, lọ wò wọ́n. Má bi wọ́n ní nǹkan kan o. Kí o ṣáà kí wọn.” Ó wò mí, ó tún ní, “Kí o sì máa wo abẹ́ ṣọ́ọ̀bù bí o bá ti ń lọ.”

Gbogbo abẹ́ káńtà tó wà lójú ọ̀nà ni mo wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ gọ́tà, mo pe Táni títí ohùn mi fi há. Mo bi onísùúyà kan ní Haúsá bóyá ó rí ajá pupa. Ó ní ajá pupa wo, ṣé èyí tí òun ń sun yìí ni? Ó kàn ń bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n mo sáré kúrò níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àáfà wà ní títì. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó wé aṣọ òtútù mọ́ra. Ẹní ìkírun rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti bútà. Ní òdìkejì ọ̀nà, lábẹ́ igi dógóńyárò, ọkùnrin kan lóṣòó, ó ká okùn mọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tó ń ta ayò.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ kú ọdún, sà.”

“Délé, o pẹ́. Wá mú àbúrò rẹ.”

Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń họ ilẹ̀kùn láti inú.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ rèé. Bàbá Àáfà ti mú ọ̀bẹ, ó ń bọ̀ wá sílé wa ní ìdájí, nígbà tí ajá kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, tó lọ ká sábẹ́ máṣíìnì. Ọkùnrin olókùn yẹn dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ajá òun ni. Bàbá Àáfà wo ọrùn ajá, ó rí aṣọ. “Mo bi í pé, ‘Ta ló rán aṣọ tí ajá rẹ wọ̀?’ Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, ‘Èmi mọ̀ ọ́n.’” Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó jókòó tì í. Kò lè fọwọ́ mú ajá wá fún wa, kò sì lè ṣílẹ̀kùn kó máa lọ, torí ọkùnrin náà kò kúrò. Ó rán ọmọ kan sí wa. Ọmọ náà bá àwọn tó ń yin bánga lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ láti ìdájí, tó ń kírun níbi tó wà, tí kò jẹun.

Olókùn wò mí. “Small boy, na your dog?”

“Yes, sà.”

“You sure?”

Bàbá Àáfà dìde, ó fa ilẹ̀kùn díẹ̀. Táni yọ jáde, òwú oríṣiríṣi ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fò mọ́ mi. Bàbá Àáfà náà fò, sẹ́yìn. Ọkùnrin yẹn gbọn eruku ìdí rẹ̀. “Happy Christmas,” ló wí. “Since morning I never chop.”

Bàbá Àáfà ká ẹní ìkírun rẹ̀. Ó kọjú sí mi. “Délé, ẹran bàbá rẹ ṣì wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, sà.”

“Kí ọkùnrin yìí máa bá wa kálọ. Ẹni tó bá jẹ òbúkọ yó kò ní rántí ajá.”

Bí a ṣe tò wọ òpópónà wa nìyẹn: èmi àti Táni níwájú, Bàbá Àáfà lẹ́yìn ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀bẹ lọ́wọ́, olókùn gbẹ̀yìn. Bàbá mi dìde dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, “Nítorí ajá?”

“Ajá kẹ̀? N kò fẹ́ràn ajá, ẹ sì mọ̀. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ sunkún lọ́jọ́ ọdún. Òbúkọ dà?”

Bàbá mi lọ sídìí àmù. Ó bu omi fúnra rẹ̀, ó sì ń dà á sí Bàbá Àáfà lọ́wọ́ títí ó fi wẹ ọwọ́ tán.

Ìrọ̀lẹ́, ní déédéé àsìkò tí àwọn Mùsùlùmí máa ń ṣínú ní oṣù ààwẹ̀, ni abọ́ Kérésìmesì tó jáde nílé wa lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní kí olókùn fi okùn rẹ̀ kọ́ ara géètì kó tó jókòó. Ó jẹ àjẹtúnjẹ. Táni kò kúrò lábẹ́ àga mi. Bí ọkùnrin náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ egungun, òun a máa kùn. Nígbà tó ń lọ, ó kí ìyá mi, ó tún padà wá kí i, ó sì gbàgbé okùn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi í sá aṣọ.

Táni dàgbà, ó sì kú fúnra rẹ̀, nínú oòrùn lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo wà ní yunifásítì nígbà tí Bàbá Àáfà re ìwàlẹ̀ àsà. Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí. Ajá ọmọ mi ní dókítà tirẹ̀, inú fíríìsà ni ẹran Kérésìmesì ti ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ọwọ́ tó pa á.

Fún ìgbà pípẹ́, ìtàn orí ire ajá mi ni mo máa ń fi ọjọ́ náà sọ, bí ó ṣe bọ́ nínú ìkòkò ọlọ́tí. Ohun tí ọmọ tí mo jẹ́ rí nìyẹn. Mo ti dàgbà ju Bàbá Àáfà ọjọ́ náà lọ nísinsìnyí, mo sì ní àga gbọọrọ kan níwájú ilé, níbi tí mo ti ń gbatẹ́gùn ní ọ̀sán. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí mo fẹ́ràn ajá, kò ní ṣòro fún mi láti ṣọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé kí ni mo kórìíra, tí n kò lè fọwọ́ kàn, tí mo lè tìtorí ọmọ ọlọ́mọ fi ebi jókòó tì láti ìdájí títí oòrùn yóò fi yí. Mo sábà máa ń dìde kúrò lórí àga náà kí n tó dáhùn.