Ààrò Ìyẹ̀fun Pákó ní Kabala Doki

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kẹrosíìnì wọ́n ní Kaduna débi pé láti ìdájí làwọn èèyàn ti ń to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ nílé epo. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Bí kẹ́ẹ̀gì tiwa bá ṣe lọ lófìfo náà ló máa ń padà wálé.

Kabala Doki là ń gbé, nínú àgbàlá oníyàrá mẹ́jọ kan. Zaria ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wálé. Màmá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọn kì í ju nǹkan nù. Àpò ìrẹsì á di aṣọ ìnulẹ̀, wáyà ni wọ́n fi ń so sílípáàsì tó bá já. Kódà wọ́n ń ṣa àfọ́kù ọṣẹ jọ sínú ike, wọ́n á da omi lé e, òun la fi ń fọ àwo.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ní Kinkinau dé pẹ̀lú àpò ńlá kan lórí. Ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n wá agolo ọ̀dà ńlá kan, wọ́n dá ihò sí i lára nísàlẹ̀. Wọ́n gbé ìgò kan dúró sáàárín agolo náà, wọ́n ki igi gba inú ihò títí ó fi kan ìdí ìgò. Wọ́n wá ń da ìyẹ̀fun yí ìgò ká, wọ́n ń fi ọmọ odó kì í mọ́lẹ̀. Nígbà tó kún, wọ́n rọra yí ìgò, wọ́n fà á yọ, wọ́n fa igi náà yọ, àárín rẹ̀ wá ṣófo bí ọ̀fun. Wọ́n fi bébà tanná sí i látìsàlẹ̀. Èéfín kọ́kọ́ bo gbogbo àgbàlá, lẹ́yìn náà ni iná pupa yọ lókè, tó ń dún vùùù. Ẹ̀wà tá a jẹ lọ́jọ́ náà, adùn rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Bí kíkì agolo ṣe di iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí wá ta súwẹ̀, mo kánjú, mo yọ ìgò kí ìyẹ̀fun tó le. Ọbẹ̀ ò tíì hó tí gbogbo rẹ̀ fi wó lulẹ̀, ìkòkò dojú dé sínú eérú. Màmá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì wọn, ó di ìgbà tí wọ́n bá rán síkẹ́ẹ̀tì kan tán.

"Máa kì í dáadáa, Tóyìn," ni wọ́n ń sọ. "Ebi lo fi pa wá lónìí yìí."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ààrò náà ń bí nínú jù lọ ni Hájíà, Haúsá tí yàrá wọn kọjú sí tiwa.

"Hàbá, Maman Tóyìn!" ni wọ́n máa ń ké. "Aṣọ tí mo fọ̀ ti ń rùn bí ẹja gbígbẹ!"

Nígbà tó pẹ́, wọ́n fẹjọ́ sun onílé. Onílé ní kí a gbé ààrò náà kúrò kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Láti ọjọ́ náà, màmá mi àti Hájíà ò kí ara wọn mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Sàláámátù, ọmọ Hájíà tó wálé wá bí àkọ́bí rẹ̀, bímọ láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ méjì, gbogbo igi ìdáná ti tutù. Ẹ sì mọ̀ pé láàárín àwọn Haúsá, abiyamọ gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀, ogójì ọjọ́ gbáko. Hájíà fẹ́ná títí ojú wọn fi pọ́n, èéfín nìkan ló ń jáde. Màmá mi ti gbé aṣọ oníbàárà lọ, òjò sì ti dá wọn dúró sọ́hùn-ún. Èmi nìkan ló wà nílé.

Ẹ̀rù bà mí, torí bí agolo yìí bá tún wó, a ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ tuntun náà ń wá láti inú yàrá. Mo wọ́ ààrò wá sábẹ́ òrùlé, mo gbé àpò ìyẹ̀fun tó gbẹ jáde látinú yàrá wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mo kì í títí apá fi ń ro mí. Mo rọra yí ìgò, mo fà á yọ. Kò wó! Mo ṣáná sí i.

"Hájíà, ẹ gbé ìkòkò wá," ni mo sọ fún wọn ní Haúsá.

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ààrò. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìkòkò ńlá jáde.

Ìgbà tí màmá mi fi dé, tí aṣọ wọn rin gbingbin, Hájíà ti jókòó ti ààrò náà, wọ́n ń yáná. Màmá mi sún mọ́ wọn.

"Sànnu, Hájíà," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ẹ kú ewu ọmọ."

Hájíà bú sẹ́rìn-ín. "Maman Tóyìn, èéfín yìí ò tiẹ̀ pọ̀ tó bí mo ṣe sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Hájíà fúnra wọn ló lọ bá onílé pé kó fi ààrò wa sílẹ̀. Kí ọmọ náà tó pé ogójì ọjọ́, ìdílé mẹ́ta ló ti ní agolo tiwọn nínú àgbàlá, màmá mi ló sì kọ́ gbogbo wọn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń jẹ túwó Hájíà nígbà yẹn!

Láyé ìgbà náà, bí ìyá kan ò bá dáná láàárọ̀, gbogbo àgbàlá á ti mọ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Kamazou ni mò ń gbé báyìí, gáàsì ni mo fi ń dáná, ògiri mi ga, géètì mi sì lágbára. Lọ́jọ́ Àìkú kan láìpẹ́, gáàsì tán nígbà tí ìrẹsì ò tíì jinná. Mo gbé ìkòkò, mo lọ kan géètì ilé kejì. Ọmọ mi obìnrin fi Haúsá bi mí bóyá mo mọ̀ wọ́n. Mo ní rárá.

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn. Mo ń ṣàlàyé, mo ń tọrọ àforíjì, ó ti gba ìkòkò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ wọlé, jàre," ló wí. "Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń wá àwáwí tí màá fi kan géètì yín."