Jẹ́-n-ṣàlàyé, Olè Àárín Àwọn Olùfọkànsìn

Ọjọ́ tí Jẹ́-n-ṣàlàyé jí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì gbé ni àwọn yòókù gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní kékeré. Kì í ṣe ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló jí o. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo olè, eré ni. Àwọn mẹ́rin péré ló ń ṣe é. Ní ọ̀sán Sátidé, wọn a pàdé ní yàrá òkè nílé Tísà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọn a jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Tísà ní í máa pa ìtàn náà. Ó lè ní, "Ẹ dé etí odò, afárá ti já." Kálukú a sọ ohun tí ẹni tó ń ṣe nínú eré fẹ́ ṣe, a da dáìsì, dáìsì a sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ìrìn àjò mímọ́ ni ìtàn wọn. Télọ̀, tí aláǹgbá lásán máa ń lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ló ń ṣe jagunjagun Ọlọ́run. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe àlùfáà, tó ń fi àdúrà wo ọgbẹ́ sàn. Wọ́n wá ní kí àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Jẹ́-n-ṣàlàyé tó ń tún aago ṣe, mú iṣẹ́ mímọ́ kan tó bá wù ú. Ó ní olè lòun máa ṣe.

"Olè bíi ti báwo?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì la ojú sí i.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbogbo yín lẹ̀ ń wòkè. Ta ló máa wolẹ̀?"

Ní Sátidé yẹn gan-an, jagunjagun Ọlọ́run já sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n dé tẹ́ńpìlì, títì ni wọ́n bá a. Tísà sì ka òfin ibẹ̀ sí wọn létí pé ọwọ́ olè kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà láéláé. Àǹtí gbàdúrà, ó da dáìsì, oókan. Ó tún gbàdúrà, eéjì. Télọ̀ ní kí jagunjagun fi èjìká ti ilẹ̀kùn, èjìká yẹ̀. Ni Jẹ́-n-ṣàlàyé bá da dáìsì tirẹ̀, ẹẹ́fà.

"Èèwọ̀!" Àǹtí pariwo. "Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ ṣí i!"

"Mi ò ṣí i, Àǹtí. Mo tú u kúrò lára ògiri ni. Títì ló ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀yìn mi ló wà."

Tísà yẹ ìwé òfin wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí olè má pọn ilẹ̀kùn. Jẹ́-n-ṣàlàyé kọ ọ́ sínú bébà rẹ̀, "ilẹ̀kùn kan, tẹ́ńpìlì ló ni ín," ó sì gbé e kiri fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọba inú ìtàn, ó ní kí ọba gba ilẹ̀kùn kó fi ẹṣin mẹ́ta sílẹ̀. Tísà, tó ń ṣe ọba, ní ẹṣin kan ni. "Ẹ fi gàárì sí i." Ọba fi gàárì sí i. "Ẹ fi ẹni tó máa fọ̀ ọ́ sí i." Tísà káwọ́ lérí, ó ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi.

Ó ń bá ọba dúnàádúrà, ó ń bá dáìsì dúnàádúrà. Bó bá da eéjì, á ní, "Tísà, ẹẹ́fà ló ń lọ, ó kàn rẹ̀ ẹ́ lọ́nà ni."

Olóòótọ́ burúkú sì ni lójú ayé! Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò gba ju ènìyàn mẹ́ta lọ, bó bá pààrọ̀ gíláàsì aago ẹni, á wé èyí tó fọ́ sínú bébà, á dá a padà fún olóhun. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbàgbé síkúrù kékeré kan tó ti dípẹtà. Jẹ́-n-ṣàlàyé sáré tẹ̀ lé e nínú òjò títí dé ibùdókọ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó wò ó, ó jù ú sí gọ́tà. Ọdún kan gbáko ni Jẹ́-n-ṣàlàyé fi bínú sí i. Kódà nínú eré, bí olè rẹ̀ bá jí àpò ẹnìkan, á fi ìwé sílẹ̀: "Èmi ni mo mú un. Ẹ má bínú. Ẹ tún fèrèsé yín ṣe."

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Òfin eré náà ni pé ẹni tí àlùfáà bá gbà sínú ẹgbẹ́ nìkan ni àdúrà àlùfáà lè wò sàn. Gbólóhùn kan péré ni: "Mo gbà ọ́, bọ́ sáàárín wa." Àǹtí ti sọ ọ́ fún Télọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Bí idà bá kan jagunjagun, àdúrà. Bí ó bá kan olè, á fi àkísà di í.

"Àǹtí, ẹ gbà mí."

"Fi olè jíjà sílẹ̀ ná."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, ta ló máa ṣí ilẹ̀kùn?"

"Ọlọ́run."

"Òun náà ló rán mi o."

"Rárá."

"Kí n máa jalè ní ọjọ́ mẹ́fà, kí n sinmi ní ọjọ́ keje ńkọ́?"

"Mo ní rárá!"

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wà lórí èyí. Ẹ wo ìwà àwọn ẹni mímọ́ o! Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n wọlé, òun ló ṣí i. Gbogbo pańpẹ́ tí kò mú wọn, òun ló rí i. Wọ́n ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó bá wọn jókòó. Ó sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Télọ̀ wolẹ̀. Àǹtí ní kí wọ́n máa bá eré lọ.

Ìgbà tí àìsàn kọlu Jẹ́-n-ṣàlàyé, ilé ìwòsàn tí Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ní ó kù tó oṣù mẹ́ta tó máa lò láyé.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́fà."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò ní ìdúnàádúrà, sà."

"Márùn-ún. Mo sì máa bá yín tún aago ara ògiri yẹn ṣe, ó ti pẹ́ jù."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló rí gbà. Irú ọjà burúkú wo nìyẹn? Ẹni tó gba gàárì lọ́wọ́ ọba, ikú ò fi ọjọ́ kan kún un fún un. Àǹtí, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ń pààrọ̀ omi tí wọ́n fà sí i lára, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò sí èyí tó ràn án. Ní ọ̀sán Wẹ́sidé, aláìsàn náà lajú.

"Àǹtí, ẹ gbà mí."

Àǹtí rò pé eré ló ń ṣe. "Fi olè jíjà sílẹ̀ ná," ló dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Tọ́sìdé, ẹpa ò bóró mọ́.

Sátidé mẹ́rin kọjá, wọn ò ṣeré. Ní ìkarùn-ún, Tísà ránṣẹ́ pè wọ́n. Télọ̀ dé, Àǹtí náà dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀. Tísà gbé bébà mẹ́ta sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ibi tí a dúró sí nìyí," ló wí. "Ọfà bá olè nísàlẹ̀ òkè. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí n pa á nínú ìtàn ká lè máa lọ, ọwọ́ mi ò gbà á."

Àǹtí mú dáìsì, ó béèrè, "Dáìsì mélòó ni mo gbọ́dọ̀ dà kí n tó gbà á?"

"Ẹ ò da nǹkan kan. Kò gba dáìsì rí. Kí ẹ kàn sọ ọ́ ni."

Àǹtí bú sẹ́kún. "Mi ò kórìíra rẹ̀ o," ló ń wí. "Mo rò pé tí mo bá ti gbà á tán, kí la tún máa máa jà lé lórí ní Sátidé? Ìjà yẹn ni mò ń dúró dè láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Nínú gbogbo wóòdù ni mo ti ń yangàn pé mo mọ ìtọ́jú. Èyí tí kò ná mi ní nǹkan kan, mi ò ṣe é." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni padà.

Télọ̀ fún un ní ọwọ́ aṣọ kan tí kò tíì rán tán. Ó fi nu ojú. Ó jókòó dáadáa, ó kọjú sí àga tó ṣófo.

"Mo gbà ọ́," ló wí, "tòun ti olè jíjà rẹ. Bọ́ sáàárín wa."

Tísà mú pẹ́ńsùlù. Ó fa bébà olè náà mọ́ra, ó béèrè, "Níbo ni kí n kọ pé ó wà báyìí?"

"Kọ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ni Àǹtí wí. "Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀. Ṣáà kọ ọ́."