Oògùn Ẹnì Kan Nínú Ilé Ẹni Mẹ́rin

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo túmọ̀ fún yín lọ́dọ̀ dókítà?"

Ornella kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tó bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ọmọ tí ojú máa ń tì ni. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni yóò ti kí i. Kó tó la ẹnu lọ́jọ́ náà, ó ti to ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ títí. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Gbé oògùn tìrẹ mì, ọmọ mi, kí àbúrò rẹ tó mu omi inú ife tán."

Àrẹ̀mú ni bàbá náà ń jẹ́. Jórinjórin ni, tó ti ilé wá ṣiṣẹ́ ní ìlú etí òkun kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Àdúgbò Charbonnages ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í ti í jẹ́ kí irin sinmi. Géètì tí wọ́n bá kùn lónìí, kó tó di ọdún tó ń bọ̀, ìpẹtà ti mú un. Àrẹ̀mú kì í gbà kí oníbàárà kankan ní kí òun tún ibì kan ṣe kí òun fi ìyókù sílẹ̀. A máa ní, "Bí mo bá ha ọ̀pá kan, tí mo fi èkejì rẹ̀ sílẹ̀, a jọ ń tan ara wa ni. Ìpẹtà kì í dá gbé."

Àdúgbò Nkembo ni ó ń gbé, pẹ̀lú Adétóun ìyàwó rẹ̀, Ornella, àti Kévin tí í ṣe àbíkẹ́yìn. Abọ́ ńlá kan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń jẹun. Bí Adétóun bá fẹ́ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún baálé ilé, Àrẹ̀mú á ní rárá, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń jó o lábẹ́ igbáàyà. Àwọn aládùúgbò ní àìjẹun lásìkò ni. Àwọn mìíràn ní ìrònú ni, nítorí ọdún tí owó sẹfà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ já sí ìdajì ni, kò sí ẹni tó ń kọ́lé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń ra géètì. Nígbà tó wá bì, tí èébì náà dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, Adétóun ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti aládùúgbò. Ornella ló bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Faransé Àrẹ̀mú tó ó ná ọjà, kò tó ó gbọ́ ti dókítà.

Dókítà Honoré ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni, ó sì ní sùúrù. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu gba ọ̀fun Àrẹ̀mú wọ inú àpòlúkù, ó wo ibẹ̀ títí. Ó ní ọgbẹ́ wà níbẹ̀, àti pé kòkòrò àìfojúrí kan ló fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní kòkòrò náà láti kékeré, inú ilé ni wọ́n sì ti máa ń kó o ran ara wọn. Ornella ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.

Dókítà ní, "Ara ń bá kòkòrò yìí jà, kò sì rí i lé lọ. Oró tí ara ń tú jáde láti fi jagun, ara fúnra rẹ̀ náà ló ń jó. Ó dà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jẹ irin."

Àrẹ̀mú gbé orí sókè. "Tún ìyẹn sọ."

Ornella tún un sọ.

"Ibi tó jó, ara á tún un kọ́. Á tún jó, á tún un kọ́. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ara lè ṣi ara rẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀." Dókítà wá kọ oògùn. Ó ní Àrẹ̀mú nìkan ni kó lò ó, kó sì lò ó tán, kódà bí ìrora bá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ornella sọ èyí fún bàbá rẹ̀.

Oògùn ti wọ́n kọjá ààlà. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni apá Àrẹ̀mú ká. Nígbà tí wọ́n jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́, ó da oògùn sínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sọ́nà mẹ́rin.

"Bàbá Ornella, ta ló ń ṣàìsàn nínú wa?" ni Adétóun bi í.

"Ṣé abọ́ ọ̀tọ̀ ni ìwọ fi ń jẹun?"

"Oògùn kì í ṣe ẹja o, tí ènìyàn ń já fún ará ilé."

"Èmi kò kúkú fún ọ ní orí. Gba ìrù."

Kévin tọ́ ọ wò, ó fa ojú ro. "Bàbá, mo fi tèmi ta yín lọ́rẹ."

"Olóore, gbé e mì."

Ìgbà náà ni Ornella béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí kò sì rí èsì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àbí òun ni kò sọ ọ́ kó yé e? Àbí ó sọ ọ́, tí ìrora kò jẹ́ kí bàbá gbọ́? Kó sọ fún ìyá rẹ̀, á dà bíi pé ó ń fi bàbá sùn. Kó dákẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dákẹ́ náà. Kò sì pẹ́ tí ìrora lọ, tí Àrẹ̀mú ń jẹun tó ń yó. Ornella kò mọ èyí tó yẹ kó gbà gbọ́ mọ́: ẹnu dókítà ni, àbí ara bàbá rẹ̀.

Ó ti wọ ipele àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kí ìrora inú náà tó tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí, òkèlè díẹ̀ ni Àrẹ̀mú ń jẹ tí á ní òun ti yó, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì dúró ní ìdí mọ́. Dókítà Honoré tún ti rọ́bà wọ inú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni.

"Ṣé ó lo oògùn ọjọ́sí yẹn tán?" ni dókítà béèrè.

Ornella túmọ̀ rẹ̀. Àrẹ̀mú ní, "Sọ fún un pé ó tán."

Ornella mí kanlẹ̀, ó sì sọ fún dókítà pé ó tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ló lò ó. Ó bi í bóyá ọ̀ràn ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní bàbá dá a lò. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní kòkòrò náà ni kò ní ní jẹjẹrẹ láé. Bóyá ọgbẹ́ náà ti pẹ́ jù kí òun tó rí i. Sìgá tí Àrẹ̀mú ń mu lè fà á, ẹja oníyọ̀ tó ń jẹ náà lè fà á. Bó ti ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń dojú rú sí i lọ́wọ́ Ornella.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gé apá kan àpòlúkù náà kúrò. Dókítà ní ó bọ́ sí i, pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí Àrẹ̀mú kọ́kọ́ lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Ornella ń fi ṣíbí fún un ní ọ̀gì.

"Bàbá, ọdún yẹn, ṣé mi ò sọ ọ́ kó yé yín ni?"

Àrẹ̀mú gbé ọ̀gì náà mì kó tó sọ̀rọ̀.

"O sọ ọ́ dáadáa. Mo gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ ọ nígbà kejì. Dókítà ní kí n dá a lò. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ ní inú ilé la ti ń kó kòkòrò náà ran ara wa. Mo ń wo ẹnu rẹ bí o ti ń sọ ọ́, mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí, èmi ni mo kó o ràn án. Ojú tì mí, Ornella. N kò lè dá oògùn gbé mì lójú yín."