Láàpútọ́ọ̀pù Tí Kì í Wọ Pálọ̀ Láàyè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí Gàfárù jẹ́, kó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀, kó máa wo bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń rìn kí ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, Gàfárù á rìn ín títí oòrùn á fi mú, nítorí kò sí àgbàlagbà tó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí Gàfárù kò ní dọ̀bálẹ̀ fún. Kì í ṣe irú ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí o, tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ti Gàfárù, àyà ni, ikùn ni, àgbọ̀n ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà gbà pé ilẹ̀ ló yẹ kí ojú àgbàlagbà ti bá ọmọ, àti pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ ń wá ibi tí yóò sọ ẹrù sí kó tó kíni, ẹrù ló ń kí. Nígbà kan tí Gàfárù ru garawa omi tó pàdé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tòun ti garawa ló jọ lọ sílẹ̀. Omi ṣàn wọ ilé ará àdúgbò, ìyá rẹ̀ sì fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ kò ti dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí rẹ̀ mọ́ bó bá ti rí ewú.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni títún láàpútọ́ọ̀pù ṣe, pàápàá àwọn tó ti darúgbó. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, èyí tí fáànù rẹ̀ ń han bí ẹ̀rọ ìlọta, èyí tí wọ́n máa tàn kí wọ́n tó lọ wẹ̀ kó lè jí nígbà tí wọ́n bá wẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wá. Á yọ háàdì àtijọ́, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí, tó ń wọ́ tuurutu, á fi tuntun tó yára sí i. Á yọ ráàmù, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, á fi írésà ọmọ iléèwé nu ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Gàfárù mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tó kàn ń bà á nínú jẹ́ ni pé àwọn iṣẹ́ kan máa ń padà wá. Wọ́n á tàn yanran ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tó bá ti gbé wọn délé olówó wọn, wọ́n á kú síbẹ̀.

Mùjídàt ló gbé láàpútọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ wá bá a. Tíṣà ni Mùjídàt ní iléèwé kan ní Ọ̀yọ́, ó sì máa ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ọ̀sẹ̀ bá parí. Láti orí ọ̀rọ̀ ṣájà ni wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, láti orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ wọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó wá ku bàbá.

Àlàájì Kareem ni bàbá ń jẹ́. Ó ti ta gẹdú rí, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti Mẹ́kà dé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni kó máa fi fídíò ìrìn àjò náà han àwọn èèyàn. Inú láàpútọ́ọ̀pù yẹn ni fídíò wà. Láti orí àpótí dídì ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àlejò tó wọ ilé náà tí kò wò ó tán. Ẹni tó wá yá àkàbà wò ó. Ẹni tó wá ka mítà iná wò ó, ó sì gbàgbé láti ka mítà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kú, Àlàájì ṣọ̀fọ̀ gidi. Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀ bá a kẹ́dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti mọ gbogbo ibi tí Àlàájì ti wúkọ́ nínú fídíò náà, àwọn àlejò tó sì ti sá tipẹ́ tún ti ń yà kí wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Gàfárù gbé iṣẹ́ dé, ó tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ó wo fídíò náà dé ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti gbéra, ó tì í sínú báàgì, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Owódé, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bó ti wọ pálọ̀ tó rí Àlàájì lórí àga, ó ti wà nílẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ kú ìsinmi, sà.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde. Gbé e wá ká wò ó.”

Gàfárù ṣí i. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn, fáànù yí, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń ké pí, pí, pí.

“Kí ló ń ké fún?” Àlàájì bèèrè. “Ṣé ó mọ̀ mí ni?”

Ìtìjú bo Gàfárù. Ó gbé e padà sí Ọ̀yọ́, ó tú u, ó nu ráàmù, ó tàn. Ó kúkú fi ráàmù míì kún un, ó pààrọ̀ háàdì, ó sì da fídíò náà kọ sínú fúláàṣì kan kó má baà sọnù. Ó tún gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí ìtìjú ti ìjelòó, ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣe lọ́tẹ̀ yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ náà ò tàn.

Ó wá di ẹ̀bi lé ojú ọ̀nà lórí. Ó ní kòtò tó wà láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń mì í pa. Ó gbé e lé ìrọ̀rí lórí ẹsẹ̀, kò gbà. Nígbà tó yá, ó ra ọ̀já, ó pọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ kí i kú ọmọ, ọ̀kan bi í bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ọ̀kan sì sọ fún un pé kó ṣọ́ra, orí ọmọ ti yọ síta. Gàfárù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó dé ẹnu géètì Àlàájì, ó tú ọ̀já, ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì tàn yanran. Ó yára pa á, ó kó o sínú báàgì, ó wọlé, ó kí bàbá dáadáa. Wọ́n ṣí i. Pí, pí, pí.

Ọ̀rọ̀ wá di pé láàárín géètì àti pálọ̀ ni nǹkan wà. Mátíù dírẹ́bà, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń gbé ilé kejì, ní òun ti fura sí ẹnu ọ̀nà yẹn látijọ́. Ó mú agogo wá, ó gbàdúrà yí i ká. Àlàájì kò bá a jiyàn ẹ̀sìn, ó ní kó ṣáà má ta omi sí láàpútọ́ọ̀pù. Nígbà tí àdúrà parí, Gàfárù dìde níbi géètì, ó rìn wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin, ó rí Àlàájì, ó sì dọ̀bálẹ̀. Mátíù gbé agogo rẹ̀, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ lágbára ju bóun ṣe rò lọ.

Ìgbà yẹn ni Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

“Gàfárù, mi ò kórìíra rẹ. O ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbé ẹ̀rọ lásán wọ pálọ̀ mi láàyè, ṣé ọmọ mi ló máa gbé délé rẹ̀ láàyè? Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ẹbí wa, òun nìkan ni kò tíì rí bí mo ṣe dé Mẹ́kà. Bí kò bá tàn lọ́jọ́ náà, má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ Mùjídàt mọ́.”

Gàfárù dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Gàfárù padà sí Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ràn Mùjídàt, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé egungun. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ro gbogbo iṣẹ́ tó ti padà wá látọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì padà wá. Ti lèmọ́ọ̀mù padà wá. Ti bàbá onílé rẹ̀ padà wá títí bàbá náà fi sọ ọ́ di ibi tó ń gbé ife tíì lé. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ iléèwé, tí wọ́n ń jẹun lórí tiwọn tí wọ́n sì ń fi ṣe ìrọ̀rí, kò sí ọ̀kan tó padà. Gàfárù wá sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn àgbà ni, pé ooru kan wà lọ́wọ́ àgbà tí kò bá ẹ̀rọ lára mu. Ó ti ń rò ó bóyá kóun máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́.

Bó ṣe ń ronú yìí ló gbé báàgì kọ́ èjìká tó jáde, láàpútọ́ọ̀pù Àlàájì wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ̀sán, Bàbá Adébóyè ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Gàfárù lọ sílẹ̀. Báàgì náà fò kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó balẹ̀. Gbì.

Gàfárù kò dìde. Ó ti ń gbọ́ ìró yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó sì ti rò pé ìró ọ̀wọ̀ ni.

“Ó tó, ọmọ mi,” Bàbá Adébóyè wí. “Mo ti gbọ́. Dìde.”

Níbi tó wà nílẹ̀ ló ti fa báàgì mọ́ra tó ṣí i. Ẹ̀rọ náà ń ké pí, pí, pí. Ó tú ìdí rẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó rí i pé ráàmù ti fò kúrò láyè rẹ̀, nítorí pé àwọn ìka irin kékeré tó ń dì í mú ti rẹ̀ tán. Kò sí ohun tó ṣe ẹnu ọ̀nà Àlàájì. Kò sí ohun tó ṣe kòtò Ògbómọ̀ṣọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò náà ò dára.

Ẹ ó ní kó kọ́kọ́ sọ báàgì kalẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀. Òun náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ó dán an wò nílé nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wọlé bọ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan okùn báàgì, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ó tún dán an wò, ó fi agídí dúró, ó ń wá ibi tí yóò gbé báàgì sí. Ìyá rẹ̀ dúró, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tó sọ fún Mùjídàt, Mùjídàt rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Bùrọ̀dá Gàfárù, ẹ gbé e fún mi ní géètì,” ó wí nígbà tó rí èémí mí. “Kíkúnlẹ̀ ni èmi máa ń kúnlẹ̀. Báàgì kì í fò lọ́wọ́ mi.”

Bí wọ́n ṣe ṣe nìyẹn ní Jímọ̀. Gàfárù ti ra àwọn ìka irin tuntun láti fi pààrọ̀ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọn kò bá a mu, ó sì kàn fi fóòmù há ráàmù náà mọ́lẹ̀. Mùjídàt gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ni Gàfárù wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Ó dọ̀bálẹ̀ bí kò ṣe dọ̀bálẹ̀ rí, gbogbo ara rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí gbì kankan. Ó tẹ ẹ̀rọ náà. Kò ké. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwòrán jáde, Àlàájì Kareem sì yọ nínú rẹ̀, ó ń di àpótí.

Omi bọ́ lójú Àlàájì. Ní ilé ìdáná, Kúbúrátù gbọ́ ikọ́ àkọ́kọ́ nínú fídíò, ó sì jókòó lé orí ọlọ.

“Ọmọ mi,” Àlàájì wí, ó di Gàfárù lọ́wọ́ mú, “ọmọ mi ni ọ́.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀kadà dúró níta. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì, Bàbá Ìkòyí, ti dé. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Àlàájì lè dúró dè é. Ó gbá láàpútọ́ọ̀pù mọ́ra tòun ti fídíò tó ń lọ lọ́wọ́, ó yára lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gàfárù rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n Bàbá Ìkòyí ti yọjú, ewú sì kún orí rẹ̀.

Àlàájì Kareem, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti eékún tó ń dùn ún, lọ sílẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gàfárù náà lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbì.

Pí, pí, pí. Àlàájì yí orí láti orí sìmẹ́ńtì, ó rí Gàfárù tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù sì wà láàárín wọn.

“Gàfárù,” ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. “Ṣé bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n fídíò wà nínú fúláàṣì, sà.”

Kúbúrátù mí kanlẹ̀ ní ilé ìdáná.

“Àkànbí, dìde,” Bàbá Ìkòyí fi oríkì pe àbúrò rẹ̀. “Níbo ni Mẹ́kà náà wà?”

Àlàájì kò tíì dìde. Gàfárù ló ṣì ń wò.

“Ní kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó,” ó wí. “Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gbé báàgì wọ ibí.”