Ẹṣin Márùn-ún àti Bọ́ọ̀sì Mi

Lọ́jọ́ Àìkú kan, èmi ni mo ń ṣáájú àdúrà fún àwọn aláìsàn ní ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, nílùú òyìnbó. Mo di ojú, mo gbé ohùn sókè, ni ẹnu mi bá sọ pé, "Please move down inside." Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà jẹun, bí mo ṣe máa ń ní kí èrò sún sẹ́yìn nìyẹn; ọkàn mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láìgba àyè. Èyí tó burú jù ni pé ìjọ gbọ́ràn. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló pàṣẹ. Tàwọn ti sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n sún sẹ́yìn títí àwọn ìyá àgbà fi kan ògiri.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi, ọkàn ẹ ò settle. Tó bá tún ṣe báyìí next month, a máa gbé àdúrà yẹn fún ẹlòmíì." Ó dùn mí gan-an. Àdúrà yẹn nìkan ni iṣẹ́ mi nílùú yìí tí ẹnikẹ́ni kì í fi aago ṣọ́.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo de ọkàn mi, mo bá a wí bí ẹni ń lé ẹ̀mí àìmọ́. Bí mo ṣe ń dè é, bẹ́ẹ̀ ló ń já.

Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan, àgbàlagbà tó jẹ́ Híńdù, rí i bí mo ṣe ń wo oúnjẹ rẹ̀ ní yàrá ìsinmi wa. Ó bi mí, mo sì rojọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìwé mímọ́ tiwọn fi ọkàn wé atẹ́gùn tí kò ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n àpèjúwe kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa awakọ̀. Ara ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ni ẹṣin márùn-ún tó ń fà á. Làákàyè ni awakọ̀, ọkàn sì ni ìjánu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ta ló ń fa ìjánu lọ, bí kò ṣe ẹṣin tó rí nǹkan? Kí n rọra fà á padà, kí n sì wo ohun tí ẹṣin rí.

Mo kọ́kọ́ bínú. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Aládùúrà ní àdúrà? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí oṣù yípo, mo tún dúró níwájú ìjọ. Kò pẹ́ tí ọkàn mi fi lọ. Mi ò bá a jà; mo wo ibi tó ń wò. Ibùdókọ̀ kan ni, ní àdúgbò Gascoigne, níbi tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé àtijọ́. Lọ́jọ́ kan ṣáájú Àìkú àkọ́kọ́ yẹn, ìyá arúgbó kan ń fi ọ̀pá tiro bọ̀ nínú òjò. Bọ́ọ̀sì mi kún, mo sì ti pẹ́. Ó yẹ kí n ní kí àwọn èrò sún sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ni mo tì.

Mo ní, "Olúwa, ìyá tí mo fi sílẹ̀ nínú òjò, ṣàánú fún un, kí O sì dárí jì mí." Wọ́n ṣe àmín, ara mi sì fúyẹ́. Bàbá ìjọ fún mi ní orúkọ àwọn aláìsàn ti oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ibùdókọ̀ yẹn, mo rí ìyá náà tó ń tiro bọ̀, ó ṣì jìnnà. Bọ́ọ̀sì tún kún. Mo dúró dè é, mo yíjú sí àwọn èrò.

"Please move down inside."

Wọ́n sún.