Sáìtì Ẹni Ọdún Mẹ́rìnléláàádọ́ta

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Toronto kò le láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ onírin kan wà tó ń kó owó láti báǹkì kan sí èkejì. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, tí mo ń wo ọ̀tún, tí mo ń wo òsì, tí mo sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gbé àpò. Ìbọn kékeré kan wà ní ìbàdí mi. Láti gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò tíì yọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí mo máa ń yọ jù ni ìbọ̀wọ́ mi.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dán wa wò. A máa yìnbọn nínú ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á dín iná kù títí yàrá á fi ṣókùnkùn, a ó tún yìn ín. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ máa to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton. Mo ti to páálí rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí di òní. Kí wọ́n tó gbé mi padà síbẹ̀, mo lè ṣe ohunkóhun.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ sáìtì orí ìbọn gbogbo wa. Sáìtì ni ohun kékeré tó wà lórí ìbọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí èèyàn ń fojú tò mọ́ra kó tó yìn ín. Dúdú ni ti tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tìẹ ni kí o máa bẹ Ọlọ́run. Tuntun yìí ní gáàsì nínú tó ń tàn fúnra rẹ̀, kò fẹ́ bátìrì, kò fẹ́ NEPA. Wọ́n ní kí kálukú wá yan èyí tí ojú rẹ̀ bá gbà.

Òyìnbó àgbà kan ló ń tún ìbọn ṣe fún wa. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó to sáìtì sórí rẹ̀, ó sì pa iná. Ọ̀kan ní ojú iná kéékèèké mẹ́ta tó ń tàn bákan náà, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Ìkejì, dúdú lásán ni ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ní ojú iná kan tó tóbi, tí wọ́n fi òrùka aláwọ̀ ọsàn yí ká. Ó tan iná padà, ó mú bírò, ó bi mí pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dáhùn. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí. Ìwé mi ló jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àìsàn àti oko gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ mi, nígbà tí mo sì ṣetán láti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀gá ilé ìwé wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní àwọn ò gba ọkọ ìyàwó. Bàbá mi mú mi lọ sí kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó búra fún wọn, wọ́n sì fún mi ní ìwé ọjọ́ orí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo wọlé, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo jáde. A jẹ búrẹ́dì àti àkàrà lójú ọ̀nà, bàbá mi ní kí n má fi irùngbọ̀n sílẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo fi ṣe ìdánwò, òun ni mo fi gba ìwé ìrìnnà nígbà ìjọba ológun, òun náà ni mo fi fẹ́yàwó. Ìyàwó mi ò mọ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, ó yẹ kí n sọ fún un, mi ò sọ. Nígbà tó di ọmọ kejì, ta ló fẹ́ dá irú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀? Àwọn tó mọ̀ nílé ti kú tán. Bí mo bá dìde lórí àga tí mo sì kérora, ìyàwó mi á ní, "Ẹ wo ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tó ń dìde bí àgbà ọgọ́ta! Daddy, ẹ máa ṣe eré ìdárayá o!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá wí?

Bí ẹnu mi ṣe dáhùn fún òyìnbó yẹn nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí ojú bá ti ń lọ sí ọgọ́ta, kì í rí ohun tó sún mọ́ ọn kedere mọ́, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni òun ń fún ní èyí tó ní ojú iná ńlá kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ṣì lè lo mẹ́ta. Ó pa iná, ó gbé ìbọn tí kò ní ọta lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Mélòó lo rí?"

Ohun tí mo rí kò ní iye. Ó kàn fẹ̀ lọ bí epo tó dà sínú omi ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé mẹ́ta ni, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé mi.

"Mẹ́ta," ni mo wí.

Ó ní mo ní ojú tó dáa. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní tàn yín.

Ọjọ́ ìdánwò, mo ṣe dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n wá dín iná kù. Mo gbé ìbọn sókè, mo wá ojú iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí wọn, mo bá yìn ín síbi tí mo rò pé bébà tí à ń yìnbọn sí wà. Ọta mi méjì bá bébà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní máàkì òun kì bá tí pé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fìdí rẹmi, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó sínú mọ́tò mi. Mo ti ń gbóòórùn páálí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà ní ọjọ́ kẹta mo padà lọ bá òyìnbó mi, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ìwé mi ló jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ojú mi ti pé ọgọ́ta."

Ó wá ní, "Ìwé kọ́ ló ń yìnbọn," ó sì ní kí n bá òun mú sukurudiráfà tó wà lẹ́yìn mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí, sukurudiráfà ni mo sì fi gba èsì. Ó tú sáìtì olójú mẹ́ta kúrò, ó de ìkejì, ó pa iná.

"Mélòó lo rí?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan náà ni," ó ní. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ pé ó ti pa iná.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo yege. Ojú iná ńlá yẹn dúró níwájú mi gbọnin, ibi tí mo gbé e sí ni ọta lọ. Wọ́n tẹ̀wé fún mi pé mo yege. Mo fi ayọ̀ wakọ̀ délé, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń ká aṣọ, mo nawọ́ ìwé sí i.

"Alhamdulillahi!" Ó fi ìwé náà kan iwájú orí rẹ̀. "Wọn ò lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ ẹ̀ rí i, ọdún mọ́kànlá péré ló kù. Bí ẹ bá ti pé márùndínláàádọ́rin, ẹ ó fẹ̀yìn tì, a ó máa lọ sílé lọ sinmi."

Ẹnu tó bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan kì í rọrùn pa dé. Mo ní, "Ọgọ́ta ni mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti kóòtù dé orí sáìtì. Mo ń retí pé kó pariwo mọ́ mi, mo tiẹ̀ ti múra sílẹ̀ dè é. Kò pariwo. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ pé ọgọ́ta?"

"Oṣù tó kọjá. Ọjọ́ Tuesday kan ni. Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún yín."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i tó kà á tán, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Mọ́kànléláàádọ́rin," ó ní. "Ẹ ó ti pé mọ́kànléláàádọ́rin kí ìwé yẹn tó jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi."

Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi ò dé ibẹ̀ kó tó kú.

Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó na ìwé náà padà sí mi.

"Daddy, ẹ lọ dá ìbọn wọn padà fún wọn, kẹ́ ẹ wá sinmi."

Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ni o. Ó ní òun gbọ́.