Màmá Ta-Lo-Gbàgbé

Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì tó padà dé, kò ní jẹ́ kó ráyè fọ́nnu. Bébà kan, pẹ́ńsù kan: "Ya kíláàsì náà fún mi, àti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀." Tó bá yà á tán, ìbéèrè dé: "Ta lo gbàgbé?" Ọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá gbàgbé, bíró pupa ni yóò fi yà á sí i, kí àṣìṣe náà lè máa wò ó lójú. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á fẹ́ fi pẹ́ńsù rọra yọ́ ọmọ náà sí i. Kíá ló máa mú wọn, nítorí ìlà bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti kọ́kọ́ yà á máa gba inú ara ọmọ náà kọjá. Géńdé ọkùnrin ti sunkún níwájú obìnrin yìí rí. Ó sì ń gbádùn rẹ̀ o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ.

Orí ọ̀rọ̀ àwòrán yìí náà ló ti ń ṣèwádìí kó lè gboyè ọ̀mọ̀wé. Ta ló wá ń tọ́jú ilé? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ìgbà tí àbúrò bí ìbejì ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé maṣíìnì wá sí pálọ̀ wọn, ó ní òun ò ní í pẹ́. Àwọn ìbejì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, ó ń mú ọmọ lọ, ó ń mú ọmọ bọ̀. Maṣíìnì wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, Sátidé lòun máa gba kọ́kọ́rọ́. "Ọwọ́ mi ti fẹ́ gbàgbé iṣẹ́, àbúrò mi."

Àyà àbúrò já. Ìwé rẹ̀ ku díẹ̀ kó parí. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ, ó ku òun àti ọkọ tí kò mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé ara rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè díẹ̀ sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ ya ilé tirẹ̀ wá, pé ẹni tó ń yẹ àwòrán ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ ya tirẹ̀ náà. Kí ló le níbẹ̀? Ó jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀ Fúráídè. Ó ya ọkọ rẹ̀ tòun ti fóònù, ó ya àwọn ìbejì níbi tí wọ́n ti ń jà, ó ya oúnjẹ lórí tábìlì, ó ya kọ́bọ́ọ̀dù àti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Maṣíìnì pàápàá, ó yà á tòun taṣọ tó bò ó. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, ara rẹ̀ sì tutù wọ̀ọ̀. Ó ya maṣíìnì, kò ya ẹni tó ni ín.

Ó ti mú bíró pupa nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń gbé tíì bọ̀. Ó sọ bíró sínú báàgì, ó fa pẹ́ńsù yọ, ó ya obìnrin kan wàràwàrà síwájú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí lò ń yà?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ilé wa ni."

"Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀ kẹ̀. Báwo lẹ ò ṣe ní í sí níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n gba bébà náà, ó wò ó títí. Ó ti gbọ́ ìtàn bíró pupa sétí nínú ilé yẹn débi pé ó ti sú u. Ó wá pupa lára àwòrán ara rẹ̀, kò rí i. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ti rò pé ẹ ò rí mi mọ́ nínú ilé yìí ni," ló wí. "Ohun tí mo ṣe fẹ́ lọ gan-an nìyẹn. Màá ní kí oníṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Parí ìwé rẹ."

Òótọ́ ti dé ètè àbúrò. Ó wo ìwé tó tò jọ síwájú rẹ̀, ó rántí abọ́ tó wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì fọ̀, ó sì gbé òótọ́ náà mì. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Ìkà ni mò ń pe ìyẹn, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ó gboyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín pé ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn má gbàgbé ẹnikẹ́ni. Aránṣọ mìíràn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi gíláàsì sí àwòrán náà, ó gbé e kọ́ sókè maṣíìnì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n gbé omi wá fún wọn. "Ẹ wá wo nǹkan tí ọ̀gá yín yà. Wọn ò gbàgbé tèmi."

Wọ́n sún mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tẹjú mọ́ obìnrin tó dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìlà ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù gba àyà obìnrin náà lọ, ó gba ojú rẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. Ilẹ̀ ni ọ̀gá ń wò.

"Ó dára, mà," ni ọmọbìnrin náà wí fún ẹ̀gbọ́n. "Wọ́n yà yín dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì náà, ó sì padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀.